Mo Fi Òjé Sínú Irin Àbúrò Mi

Ẹ má bá mi kẹ́dùn. Bí ẹ bá ka ọ̀rọ̀ mi tán tí àánú mi sì ṣe yín, a jẹ́ pé mi ò rò ó dáadáa nìyẹn. Ẹni tí àánú tọ́ sí wà níbẹ̀, kò sì fẹ́ àánú ẹnikẹ́ni, àgàgà tèmi.

Dókítà Ọkàn ni wọ́n ń pè mí ní jíìmù wa. Ẹ má rò pé wọ́n fi ń yẹ́ mi sí o. Yẹ̀yẹ́ ni wọ́n ń fi mí ṣe. Mo kàwé nípa ohun tó ń mú eléré ìdárayá jí ní ìdájí lọ sí pápá nígbà tí gbogbo ayé ṣì ń hanrun. Ẹgbẹ́ àwọn agbérin gbà mí síṣẹ́ fúngbà díẹ̀ kí n máa fún àwọn ọmọ wọn ní kóríyá. Bí wọ́n bá rí i pé mo wúlò, wọ́n á sọ mí di òṣìṣẹ́ gidi. Bí mi ò bá wúlò, ọ̀nà ilé ò dí.

Àbúrò mi wà lára àwọn agbérin náà. Ọmọ ìyá mi ni, àbígbẹ̀yìn. Kékeré là ń pè é nílé torí pé ó kéré gan-an nígbà tí wọ́n bí i, orúkọ náà sì lẹ̀ mọ́ ọn títí ó fi di ẹni tó ń gbé irin tí àwọn ọkùnrin kan ò lè yí lórí ilẹ̀. Ẹ̀yìn mi ló ti dàgbà. Bí ìyá wa bá ti lọ síbi iṣẹ́, èmi ni mò ń fún un lóúnjẹ, èmi ni mò ń wẹ̀ ẹ́. Bí mo bá ní òjò ń bọ̀, Kékeré á wọlé ni, kò ní wojú ọ̀run.

Ẹni tó ń kọ́ wọn níṣẹ́, Kóòṣì, kúkúrú ni, fìlà kì í kúrò lórí ẹ̀, ẹnu ẹ̀ kì í sì í sinmi.

"Dókítà Ọkàn, ẹ kú ọ̀rọ̀ o! Ṣé ọ̀rọ̀ yín ti gbé irin kankan lónìí?"

"Kóòṣì, orí ló ń kọ́kọ́ gbé irin kí ọwọ́ tó gbé e."

"Háà! Ó dáa, ẹ gbé orí wá ká so ó mọ́ ọ̀pá, ká wò ó."

Gbogbo jíìmù á bú sẹ́rìn-ín. Kékeré náà á rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n á fọwọ́ bo ẹnu nítorí mi.

Ẹnu Kóòṣì burú, mi ò lè parọ́ mọ́ ọn. Á pe èèyàn ní ọ̀lẹ, á pè é ní àpò ìyẹ̀fun. Ṣùgbọ́n ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ ni pé irin ọkùnrin yẹn kì í purọ́. Iye tó bá ní irin jẹ́, ni irin jẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìwọ̀nba ohun tí mo kọ́ fún yín, kẹ́ ẹ má lọ rò pé àìmọ̀kan ló ṣe mí. Ìwé ní ọ̀nà méjì ni ohun tó ń ti èèyàn síṣẹ́ ti ń wá. Òmíràn ń bọ̀ láti ìta: ẹ̀bùn, ìyìn, ìbẹ̀rù ẹnu àgbà. Ìyẹn dà bíi kí wọ́n máa ti mọ́tò tí ẹ́ńjìnnì ẹ̀ ti kú. Bó bá ti rẹ àwọn tó ń tì í, ó parí. Òmíràn ń bọ̀ láti inú, ìyẹn sì ni ojúlówó. Ohun mẹ́ta ló ń mú èyí tinú wà láàyè. Kí nǹkan náà jẹ́ ìfẹ́ inú ẹni fúnra ẹni. Kí èèyàn mọ̀ pé òun mọ̀ ọ́n ṣe. Kó sì ní ẹni tó lè fẹ̀yìn tì. Èmi ni mo gba máàkì tó ga jù ní kíláàsì lórí nǹkan mẹ́ta yìí. Bí ẹ bá ṣe ń kà á lọ, ẹ máa wo bí mo ṣe pa wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan.

Kékeré ní ìṣòro kan. Kò sí irin tó kéré sí àádọ́rùn-ún kílò tí kò lè gbé. Ṣùgbọ́n bó bá ti gbọ́ "àádọ́rùn-ún" báyìí, orúnkún ẹ̀ á yẹ̀. Irin á dé àyà, á sì padà sílẹ̀. Wọ́n sì fẹ́ yan àwọn tó máa ṣojú gbogbo wa níbi ìdíje ńlá. Wọ́n ti ní obìnrin tí kò bá lè gbé àádọ́rùn-ún, kó má wulẹ̀ yọjú.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ó wí lọ́jọ́ kan tá à ń padà sílé, "bí mo bá wọ ẹgbẹ́ yẹn, mi ò tún ní bẹ Ọlọ́run ní nǹkan kan mọ́."

"Wàá wọ̀ ọ́."

"Ṣé ẹ̀yin gbà pé mo lè gbé e?"

"Kí ló dé tí mi ò fi ní í gbà? Ẹrù kì í wúwo kí olówó ẹ̀ má lè gbé e."

Ó rẹ́rìn-ín, ó gba báàgì mi lọ́wọ́ mi, ó gbé e kọ́ èjìká kejì. Inú ẹ̀ dùn. Ọ̀rọ̀ mi ti tó fún un.

Ká ní mo fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n alága ẹgbẹ́ wá sí jíìmù lọ́jọ́ kejì. Ọkùnrin tó sanra, tó ń wọ kóòtù nínú oòrùn ni. Ó wo bí Kékeré ṣe ju àádọ́rùn-ún sílẹ̀, ló bá yíjú sí mi níṣojú gbogbo èèyàn.

"Dókítà, mò ń rí ìjókòó yín. Mi ò tíì rí iṣẹ́ yín."

Kóòṣì ò tiẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ìyẹn gan-an ló dùn mí jù. Ó wojú mi bí ẹni pé àánú mi ṣe é.

Inú bí mi débi pé mi ò lè jẹun nígbà tí mo délé. Ibẹ̀ ni mo ti rántí ohun tí olùkọ́ wa kan sọ rí. Ó ní bí o bá parọ́ ìwọ̀n irin fún agbérin, bí o bá ní kò wúwo tó bó ṣe wúwo, ó ṣeé ṣe kó gbé èyí tí kò gbé rí, torí pé ọ̀pọ̀ ohun tó ń dí i lọ́wọ́, inú orí ẹ̀ ló wà. Olùkọ́ náà tún sọ nǹkan mìíràn. Ó ní, "Ṣùgbọ́n bó bá ti gbé e tán, ẹ sọ fún un lójú ẹsẹ̀. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ ti di gbájú-ẹ̀." Apá àkọ́kọ́ ni mo mú.

Jíìmù wa ní àwo irin pupa méjì tí Kékeré nìkan máa ń lò. Ogún kílò ni ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n ti ń dípẹtà. Mo sọ fún Kóòṣì pé màá bá a gbé wọn lọ tún kùn.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Dókítà," ó ní. "Ó kúkú sàn ju ọ̀rọ̀ lọ."

Wẹ́dà tí mo gbé wọn lọ bá kò mọ nǹkan kan nípa irin gbígbé. Mo ní kó gbẹ́ ikùn àwo méjèèjì, kó yọ́ òjé sí i, kó fi irin pẹlẹbẹ bo ojú ẹ̀, kó wá kùn ún lọ́dà pupa. Mo fẹ́ kí ọ̀kọ̀ọ̀kan fi kílò méjì àti ààbọ̀ wúwo ju iye tí wọ́n kọ sí i lára.

Ó fi ọwọ́ nu òógùn. "Àǹtí, ṣé irin lẹ fẹ́ kí n ṣe ni àbí irọ́?"

"Eré ni. A fẹ́ fi bá ẹnì kan ṣeré ni."

"Ẹni náà á mà gbádùn eré yín o."

Àwa méjèèjì rẹ́rìn-ín. Mo rántí pé mo rẹ́rìn-ín dáadáa.

Ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ lo irin náà, Kóòṣì ní kí Kékeré gbé márùndínláàdọ́rùn-ún. Ìyẹn kì í bà á lẹ́rù. Ó fi pọ́dà funfun pa ọwọ́, ó bẹ̀rẹ̀, ó mí sínú, ó gbé e. Ó dé àyà, ó dúró díẹ̀, ó sì gbé e sókè pátápátá. Ọwọ́ ẹ̀ ò gbọ̀n.

Àádọ́rùn-ún ló wà lókè orí àbúrò mi yẹn, kò sì mọ̀.

Orí mi wú. Ẹkún fẹ́ẹ́ gbọ̀n mí. Mo dìde kí n sáré lọ dì mọ́ ọn, kí n ní, "Kékeré, o ti gbé e! Lọ wọn irin yẹn wò!" Bí Ọlọ́run bá bi mí léèrè lọ́jọ́ kan, màá sọ pé mo dìde.

Bí mo ṣe ń dìde báyìí ni alága wọlé.

"Ta ló gbé irin yẹn báyìí? Ọmọ tó ń ju irin sílẹ̀ lọ́jọ́ yẹn kọ́ nìyí?" ó ní. "Wo bó ṣe dúró ṣinṣin! Dókítà, kí lẹ ṣe fún un?"

Gbogbo ojú wá sọ́dọ̀ mi. Kóòṣì pàápàá ń wò mí.

"Ọ̀rọ̀ ni," mo dáhùn. "A kàn jókòó, a sọ̀rọ̀ nípa ọkàn ẹ̀ ni."

Kékeré náà mi orí. "Òótọ́ ni, sà. Ẹ̀gbọ́n mi bá mi sọ̀rọ̀."

Ẹ ò rí i? Ó ti jẹ́rìí sí irọ́ mi kí n tó parí ẹ̀. Báwo ni mo ṣe tún máa ní òjé ni? Mo ní màá sọ fún un bó bá dọ̀la. Ọ̀la dé, Kóòṣì kí mi ní "Dókítà" láìfi yẹ̀yẹ́ kún un. Mo ní ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Irọ́ ńkọ́? Ìyẹn kì í fọ́, ó ń pa ọmọ ni.

Ìyà wá bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀.

Ẹ rò ó wò. Gbogbo ohun tí Kékeré bá ń gbé láti ìgbà náà fi kílò márùn-ún wúwo ju ohun tí wọ́n sọ fún un lọ. Ìgbà tó gbé e nígbà àkọ́kọ́, ara ẹ̀ le, inú ẹ̀ dùn. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ojoojúmọ́ lara ń le. Lọ́jọ́ tó bá rẹ̀ ẹ́ díẹ̀, márùndínláàdọ́rùn-ún yẹn á dá a padà. Kóòṣì ò mọ nǹkan kan, inú á bí i.

"Irin tó o gbé bíi búrẹ́dì lọ́jọ́ Ajé! Kí ló dé? Ọ̀lẹ ti ń wọ̀ ọ́ lára, àbí o ti rí ọkọ?"

"Kóòṣì, ó wúwo ni, sà."

"Irin wo ló wúwo? Irin tó o ti gbé? Irin kì í jẹun sanra! Gbé e!"

Á sì gbé e, pẹ̀lú omijé lójú. Wọ́n ní kó tún gbé àádọ́rùn-ún wò, ohun tó sì wà níwájú ẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọgọ́rùn-ún. Kò ṣí i kúrò nílẹ̀ dáadáa.

Ó wá bá mi ní ọ́fíìsì mi lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Yàrá tóóró ni, tábìlì kan, àga méjì, fèrèsé tó kọjú sí ẹ̀yìn jíìmù. Ó jókòó sórí àga tí àwọn tó ní ìṣòro ń jókòó sí. Kò jókòó síbẹ̀ rí.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bú mi o. Irin yẹn ti ń wúwo sí i."

"Báwo ni irin ṣe ń wúwo sí i?"

"Mi ò mọ̀. Èmi náà mọ̀ pé ọ̀rọ̀ wèrè ni. Ṣùgbọ́n bí mo bá gbé e, èjìká mi ń sọ fún mi pé irọ́ ni, pé ohun tí wọ́n pè é kọ́ nìyí."

Ẹ̀yin òǹkàwé, ibẹ̀ ni ìlẹ̀kùn ti ṣí sílẹ̀ gbayawu fún mi. Àwa méjì péré ni. Kò sí alága, kò sí Kóòṣì. Ọmọ tí mo pọ̀n ti fẹnu ara ẹ̀ sọ òótọ́ fún mi. Kí n kàn ní, "Èjìká rẹ ò purọ́," ni, ọ̀rọ̀ ì bá ti parí.

Mo wo ojú ẹ̀, mo ní, "Kékeré, irin kọ́ ló wúwo. Ọkàn rẹ ló wúwo."

Ó wo ọwọ́ ara ẹ̀.

"Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni. Ìbẹ̀rù máa ń parọ́ fún ara. Má gbọ́ ohun tí èjìká rẹ bá sọ. Di ojú, mí sínú, kó o rò pé ìyẹ́ ẹyẹ lo fẹ́ gbé."

"Ẹ ṣé, Ẹ̀gbọ́n mi."

Ó dúpẹ́! Ó kúnlẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ó sì lọ. Mo jókòó síbẹ̀, mo ń yí bírò lọ́wọ́ bí ẹni tó ṣiṣẹ́ ire.

Láti ìgbà náà, kò tún sọ pé nǹkan kan ń dùn òun mọ́. Mo ti ní kó má gbọ́ ti ara ẹ̀, kò sì gbọ́ ti ara ẹ̀. Ó di ojú, ó ń gbé ìyẹ́ ẹyẹ. Èjìká ẹ̀ wú, ó fi bándéèjì wé e, ó wọ aṣọ bò ó. Ìyá wa ló kọ́kọ́ rí i nílé.

"Ìwọ tó o kàwé," ìyá wa sọ fún mi, "ṣé o ò rí bí ọmọ yìí ṣe ń rù ni? Kì í rẹ́rìn-ín mọ́. Kí lẹ̀ ń ṣe fún un níbẹ̀?"

"Iṣẹ́ ni, Màámi. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn."

Ọjọ́ táwọn tó ń yan agbérin fún ìdíje dé ni àṣírí tú. Àwọn méjì ni, alága ló kó wọn wá. Ọkùnrin kan tí kì í sọ̀rọ̀, àti obìnrin kan tó wọ awò ojú. Gbogbo jíìmù ti mọ́ tónítóní. Alága ti ń fi mí hàn wọ́n: "Dókítà wa rèé. Ọ̀rọ̀ ẹnu ẹ̀ ń gbé irin o." Mo tẹríba bí ìyàwó ọ̀ṣìngín.

Kóòṣì ní kí Kékeré gbé àádọ́rùn-ún. Ó jáde. Ó di ojú. Mo rí i tí ẹnu ẹ̀ ń mì, ó ń sọ ohun tí mo kọ́ ọ.

Ó fa irin náà dé àyà. Mo rí i tí èjìká ọ̀tún yẹ̀. Ó pariwo lẹ́ẹ̀kan, ó sì ju gbogbo ẹ̀ sílẹ̀, ó sáré fò sẹ́yìn.

Irin balẹ̀ gbààmù. Àwo kan fi etí lu igun pákó tí wọ́n ń dúró lé gbé irin, ojú tí wẹ́dà fi bò ó sì là fáà. Nǹkan aláwọ̀ eérú kan tó ń dán yọ nínú ẹ̀.

Obìnrin awò ojú na ìka. "Kí nìyẹn?"

Kóòṣì bẹ̀rẹ̀, ó fi èékánná họ ọ́. "Òjé ni." Ó dìde. Ohùn ẹ̀ ti yí padà. "Ta ló fi òjé sínú irin mi?"

Kóòṣì ń wo àwọn agbérin lójú lọ́kọ̀ọ̀kan. Kékeré ò wo ẹnì kankan nínú wọn. Èmi ló ń wò.

Kékeré bẹ̀rẹ̀, ó fi ọwọ́ òsì yọ àwo náà kúrò lórí ọ̀pá, ó gbé e lọ síbi òṣùwọ̀n tí wọ́n máa ń gùn kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ó kọ́kọ́ gùn ún ní òun nìkan. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó gbé àwo mọ́ àyà, ó tún gùn ún. Ẹ̀rọ náà dún.

"Ogún ni wọ́n kọ sí i lára," ó wí. "Méjìlélógún àti ààbọ̀ ni."

Ó lọ gbé ìkejì. Bákan náà ni. Kóòṣì yíjú sí mi, ó ní, "Ẹ̀yin lẹ gbé wọn lọ kùn, Dókítà."

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí alága ṣe fún yín, torí pé bí mo bá rántí ẹ̀, orí mi ń gbóná. Ó fi ìka ṣírò nǹkan, ojú ẹ̀ sì tàn.

"Ẹ dúró ná! A jẹ́ pé gbogbo márùndínláàdọ́rùn-ún tí ọmọ yìí ń gbé, àádọ́rùn-ún ni! Ó ti ń gbé e tipẹ́! Dókítà, ẹ̀yin lẹ ṣe é? Ọgbọ́n inú yín mà ga o!"

Ó pàtẹ́wọ́. Obìnrin awò ojú náà pàtẹ́wọ́. Ni gbogbo jíìmù bá gbè é, àtẹ́wọ́ gba ilé kan.

Àwọn méjì ni kò pàtẹ́wọ́. Kóòṣì ṣí fìlà. Ìgbà àkọ́kọ́ tí màá rí orí ọkùnrin yẹn nìyẹn.

"Kékeré, mo pè ọ́ ní ọ̀lẹ," ó ní. "Dákun, má bínú sí mi."

"Ẹ ò mọ̀, sà."

Kékeré wá rìn wá sọ́dọ̀ mi. Kò pariwo. Ká ní ó pariwo ni, ì bá dáa.

"Ẹ̀gbọ́n mi, èyí tí mo wá bá yín ní ọ́fíìsì yẹn ńkọ́? Tí mo ní irin ń wúwo sí i?"

"Kékeré, mo fẹ́ sọ fún ọ..."

"Ẹ ní ọkàn mi ni."

"Nítorí pé mo gbà ọ́ gbọ́ ni mo ṣe ṣe é. Mo mọ̀ pé o lè gbé e!"

"Rárá o." Ó mi orí. "Bó bá jẹ́ pé ẹ gbà mí gbọ́ ni, ẹ̀ bá pè é ní àádọ́rùn-ún, kẹ́ ẹ ní kí n gbé e. Gbogbo èèyàn ló ní mi ò lè gbé e. Ẹ̀yin nìkan lẹ ní mo lè gbé e. Ẹ̀yin náà ò sì gbà bẹ́ẹ̀."

Títí di bí mo ṣe ń sọ ọ́ fún yín yìí, ọ̀rọ̀ yẹn ò tíì kúrò létí mi.

Wọ́n yàn án. Bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n yàn án! Ohun tó ń bẹ Ọlọ́run fún láti kékeré bọ́ sí i lọ́wọ́. Ó lọ síbi ìdíje náà, èmi àti Kóòṣì tẹ̀ lé e. Irin ibẹ̀ tuntun, ojúlówó, ìjọba ti fọwọ́ sí i. Ọgọ́rin ni Kóòṣì ní kó fi bẹ̀rẹ̀. Ọgọ́rin, fún ẹni tó ti gbé àádọ́rùn-ún.

Wọ́n pè é. Ó jáde, ó fi pọ́dà pa ọwọ́. Ó dúró níwájú irin. Lẹ́yìn náà ló yí lọ sí ẹ̀gbẹ́, ó bẹ̀rẹ̀, ó ń fi ọwọ́ pa ẹ̀yìn àwo. Àwọn èrò ìwòran ń rẹ́rìn-ín.

"Mélòó ni?" ó bi ọkùnrin tó ń to irin.

"Ọgọ́rin ni."

"Ṣé ó dá yín lójú?"

Aago dún, àsìkò ẹ̀ ti lọ. Wọ́n pè é lẹ́ẹ̀kejì. Ó dìrọ̀ mọ́ ọ̀pá, ó sì tú ọwọ́. Wọ́n pè é lẹ́ẹ̀kẹta, kò dé ìdí irin rárá. Ó dúró lójú pákó, ó ń wo èjìká ara ẹ̀ bí ẹni pé ó ń retí kó sọ nǹkan kan fún òun. Àwọn àgbà ní ẹni tí ò lè gbé eèrà tó kùsà sí erin, títẹ́ ní ń tẹ́. Àbúrò mi gbé erin. Ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ló wá sọ ọ́ di ẹni tí ò lè gbé eèrà.

Mo kúnlẹ̀ fún un nínú yàrá tí wọ́n ti ń pààrọ̀ aṣọ, èmi àgbà.

"Kékeré, gbọ́ mi. Ohun tó o gbé lọ́jọ́ àkọ́kọ́ yẹn, àádọ́rùn-ún ni lóòótọ́. Ọwọ́ rẹ kò gbọ̀n rárá. Mi ò rí agbára bẹ́ẹ̀ rí. Kì í ṣe tèmi, tìrẹ ni."

Ó ń tú bẹ́líìtì ìdí ẹ̀. Kò gbójú sókè.

"Ṣé òótọ́ nìyẹn, àbí kóríyá ni?"

Mo la ẹnu. Òótọ́ ni, Ọlọ́run ń gbọ́! Òótọ́ pọ́ńbélé ni mo sọ lọ́jọ́ yẹn. Ṣùgbọ́n ohùn yẹn náà ni mo fi sọ ti ìyẹ́ ẹyẹ.

Kò gbé irin mọ́. Ó kó lọ sí ìlú mìíràn, ó ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń ta ìlẹ̀kùn àti fèrèsé. Kóòṣì gbé àwo méjèèjì fúnra ẹ̀ lọ sọ sórí ààtàn, kò sì bá mi sọ ju "ẹ káàárọ̀" lọ. Èmi ńkọ́? Wọ́n sọ mí di òṣìṣẹ́ gidi. Alága ní kí n máa kọ́ àwọn kóòṣì yòókù ní "ọgbọ́n" mi. Wọ́n fún mi ní ọ́fíìsì tó fẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ọmọ, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní àbúrò, ẹ̀yin tí wọ́n fi ṣọ́ ọmọ ọlọ́mọ, ohun tí mo rí sọ fún yín ò gùn. Ẹ má tan ẹni tó gbà yín gbọ́ jẹ nítorí pé ẹ fẹ́ kó gba ara ẹ̀ gbọ́. Méjèèjì lẹ máa pàdánù. Kẹ́ ẹ sì má tan ara yín pé torí ẹ̀ lẹ ṣe ń ṣe é. Torí tèmi ni mo ṣe ṣe é, kí alága lè rí iṣẹ́ mi.

Oṣù tó kọjá, wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún ìyá wa. Èmi ni mo dúró tì í ní ọsibítù. Ọ̀gá Kékeré ò tètè fún un láyè, ìrọ̀lẹ́ ló máa tó lè wọkọ̀. Nígbà tí dókítà jáde, tó ní ó ti yọrí sí rere, pé ìyá wa ti ń lajú, mo fi ẹkún ayọ̀ pe àbúrò mi.

"Kékeré! Wọ́n ti parí ẹ̀. Ara Màámi le. Kò sí wàhálà kankan."

"Ẹ ṣé, mà," ó wí, ó sì pa fóònù.

Mo ṣì jókòó síbẹ̀ nígbà tí nọ́ọ̀sì kan jáde wá. Ọmọbìnrin tó lójú àánú ni.

"Ẹ̀yin lẹ̀ ń dúró ti ìyá yẹn, àbí? Àbúrò yín ló ṣẹ̀ṣẹ̀ pè wá. Ó ń sunkún, ó ní kí n jọ̀ọ́, kí n sọ bí ara ìyá òun ṣe rí gan-an fún òun. Àfìgbà tí mo búra fún un kó tó dákẹ́." Ó wò mí. "Ṣé ẹ ò tíì pè é ni?"

Mo ní mi ò tíì pè é.